Òfin póìntì fún ìdíje géèmù bọ́ọ̀lù: báwo la ṣe máa ṣe é tí ẹnikẹ́ni ò fi ní sọ pé wọ́n rẹ́ òun jẹ?

Ṣọ́ọ̀bù Kàbà

Òkun o, ẹ̀yin ará. Ìdíje géèmù bọ́ọ̀lù kan ń bọ̀ lọ́dọ̀ wa ní Kàbà nínú oṣù Kejìlá, nígbà tí àwọn ọmọ ilé ìwé àtàwọn tó ń gbé Àbújá àti Èkó bá ti wálé ọdún. Èèyàn 16 la fẹ́ gbà. PS4 méjì ló wà nílẹ̀, tẹlifíṣàn méjì, jẹnẹrétọ̀ kan. EA Sports FC la máa gbá.

Ohun tí a ti kọ sílẹ̀ nìyí: ẹni tó bá borí gba póìntì 3, ọ̀mì gba 1. Góòlù kọ̀ọ̀kan tún máa fún ẹni tó jẹ ẹ́ ní póìntì kan, kí eré lè dùn-ún wò. Ẹni tó bá fi kìlọ́ọ̀bù kékeré na kìlọ́ọ̀bù ńlá, póìntì 2 lé e. Ní ìpele kòmẹsẹ̀-ó-yọ, tí wọ́n bá ta ọ̀mì, góòlù àkọ́kọ́ nínú àfikún àsìkò ló máa parí ẹ̀, a ó sì kà á sí méjì. Ẹ bá wa yẹ̀ ẹ́ wò kí a tó lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri.

Adájọ́ Ìsánlú

Òkun o, ẹ̀gbọ́n, ẹ kú ìgbìyànjú. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ yọ póìntì orí góòlù yẹn kúrò. Ẹ bá mi ṣírò ẹ̀: ẹni tó làágùn kó tó borí 1-0 máa gba póìntì 4. Ọ̀rẹ́ méjì tó bá jọ ṣàdéhùn, tí wọ́n ń ṣílẹ̀kùn fún ara wọn títí eré fi parí sí 7-7, ẹnì kọ̀ọ̀kan wọn máa gba 8. Lígì Amẹ́ríkà tí wọ́n ń pè ní NASL lo irú òfin bẹ́ẹ̀ láti 1968: ìborí jẹ́ póìntì 6, góòlù kọ̀ọ̀kan ní póìntì kan, ṣùgbọ́n wọn ò jẹ́ kí ti góòlù kọjá 3 nínú eré kan. Lórí pápá gidi, ìyẹn lè mú un dúró. Nínú géèmù tí góòlù 7 kì í ti í ṣe nǹkan ìyanu, kò lè mú un dúró, torí gbogbo èèyàn ló máa tètè dé 3 yẹn.

Èyí tó burú jù ni góòlù tí ẹ fẹ́ kà sí méjì. Ó ti ṣẹlẹ̀ rí. Ní ọjọ́ 27 oṣù Kìíní 1994, Barbados àti Grenada pàdé nínú eré tí wọ́n fi ń wá ẹni tó máa lọ sí Caribbean Cup. Barbados gbọ́dọ̀ fi góòlù méjì borí kó tó lè tẹ̀ síwájú. Òfin ìdíje náà ni pé góòlù tó bá parí eré nínú àfikún àsìkò á di méjì. Barbados ti ń lé 2-0 kí Grenada tó dá ẹyọ kan padà nígbà tí eré ti ń lọ sópin. Barbados rí i pé ó máa ṣòro láti tún jẹ òmíràn láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀ tó kù, ni wọ́n bá mọ̀ọ́mọ̀ gbá bọ́ọ̀lù sílé ara wọn: 2-2. Grenada náà jí sí i. Bí wọ́n bá pàdánù 3-2 wọ́n yege, bí wọ́n bá borí 3-2 wọ́n yege, ni wọ́n bá ń wá góòlù nílé méjèèjì, Barbados sì ń ṣọ́ ilé méjèèjì. Nínú àfikún àsìkò Barbados jẹ ẹyọ kan, ó di 4-2, wọ́n lọ. Kò sẹ́ni tó ṣẹ̀ sófin níbẹ̀ o. Òfin gan-an ló ní kí wọ́n ṣe bẹ́ẹ̀.

Nítorí náà, òfin kọ̀ọ̀kan tí ẹ bá kọ, ẹ bi ara yín: ṣé ìgbà kan wà nínú eré tó máa sàn fún ẹnì kan kó pàdánù, tàbí kó gba góòlù wọlé? Tó bá wà, ẹ fa ìwé yẹn ya.

Ọmọ Mọ̀pà

Mo wà lẹ́yìn Adájọ́. Mo fẹ́ fi ọ̀rọ̀ kan kún un lórí 3-1-0 (ìborí 3, ọ̀mì 1, ìpàdánù 0), torí àwọn èèyàn rò pé kò ní àbùkù kankan. England sọ ìborí di póìntì 3 ní 1981, Ife Àgbáyé sì tẹ̀ lé e ní 1994. 2 ni wọ́n ń fúnni tẹ́lẹ̀. Ìdí wọn dára, kí àwọn èèyàn má bàa máa wá ọ̀mì. Ṣùgbọ́n ẹ wo ohun tó wà nínú ẹ̀: eré tí ẹnì kan borí ń pín póìntì 3, eré ọ̀mì ń pín 2. Bí ọ̀rẹ́ méjì bá máa pàdé lẹ́ẹ̀mejì, tí wọ́n bá ta ọ̀mì méjèèjì, póìntì 2 ni kálukú ní. Tí wọ́n bá gbà pé "ìwọ mú tòní, èmi á mú tọ̀la", 3 ni kálukú ní. Òfin ti sanwó àdéhùn fún wọn nìyẹn.

Ọ̀nà àbáyọ ni 3-2-1-0. Tí eré bá parí sí ọ̀mì, pẹnáritì lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀: ẹni tó borí nínú pẹnáritì gba 2, ẹni tó pàdánù gba 1. Póìntì 3 ni gbogbo eré ń pín, ohunkóhun tó wù kó ṣẹlẹ̀, kò sì sí èrè kankan nínú pàṣípààrọ̀. Ìdíje àgbáyé hockey orí yìnyín ń lo irú ẹ̀.

Adájọ́ Ìsánlú

Òótọ́ ni, àbúrò mi, ṣùgbọ́n ibi tí wọ́n ti ń pàdé lẹ́ẹ̀mejì nìyẹn ti ń jà. Tiwọn ní Kàbà, gúrúùpù ẹlẹ́ni mẹ́rin, ìpàdé ẹ̀ẹ̀kan ni. Ẹni tó bá fún ọ̀rẹ́ ẹ̀ ní ìborí kò ní ìgbà tó máa gbà á padà. 3-1-0 tó wọn. Pẹnáritì á tún gba bí ìṣẹ́jú 5 lórí gbogbo ọ̀mì, wọn ò sì ní àsìkò yẹn.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò àsìkò ọ̀hún. Ẹ fi ìdajì eré sí ìṣẹ́jú 6. Ìṣẹ́jú 12 nìyẹn, pẹ̀lú ìsinmi, yíyan kìlọ́ọ̀bù, títo àwọn agbábọ́ọ̀lù àti ìjókòó, ẹ ka 20. Gúrúùpù mẹ́rin, eré mẹ́fà ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, 24 lápapọ̀. Tẹlifíṣàn méjì, ìyẹn jẹ́ ìgbà 12, wákàtí 4. Lẹ́yìn náà eré mẹ́jọ ní kòmẹsẹ̀-ó-yọ, tí ẹ bá ka ti ipò kẹta mọ́ ọn. Ẹ fún ọ̀kọ̀ọ̀kan ní ìṣẹ́jú 30 torí àfikún àsìkò, wákàtí 2 tún nìyẹn. Bí ẹ bá bẹ̀rẹ̀ ní aago mẹ́wàá, ẹ máa parí ní nǹkan bí aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ tí iná bá ṣe dáadáa. Tí ẹ bá fẹ́ kí gbogbo èèyàn 16 pàdé ara wọn, eré 120 ni. Wákàtí 20. Ẹ má dán an wò.

Ṣọ́ọ̀bù Kàbà

Ẹ ṣé gan-an ni. A ti yọ góòlù kúrò, a ti yọ méjì-nínú-ẹyọ-kan kúrò. Tí póìntì bá wá dọ́gba ńkọ́? A fẹ́ lo ìyàtọ̀ góòlù (góòlù téèyàn jẹ, ká yọ èyí tí wọ́n jẹ sílé rẹ̀ kúrò) bí Ife Àgbáyé ṣe ń ṣe é títí dé 2022.

Adájọ́ Ìsánlú

Ẹ ṣọ́ra níbí yìí, ibẹ̀ ni ìjà ti ń bẹ̀rẹ̀ jù. Ẹ wo gúrúùpù kan, A, B, C, D. A na B 1-0. B na C 2-0. C na A 3-1. Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta na D: A na án 9-0, B na án 2-1, C na án 3-0. Póìntì 6 ni A, B àti C ní lẹ́nì kọ̀ọ̀kan.

Tí ẹ bá lo ìyàtọ̀ góòlù gbogbo eré: A ní +8, C ní +3, B ní +2. A àti C lọ, B padà sílé. Tí ẹ bá wo kìkì eré tó wáyé láàárín àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta: B ní +1, C ní 0, A ní -1. B àti C lọ, A padà sílé. Èsì kan náà, òdìkejì pátápátá. Ohun kan ṣoṣo tó gbé A ga ni 9-0 tó na D.

Báwo sì ni 9-0 ṣe ń wáyé nínú géèmù? Ẹni tó bá ti jẹ ìyà 4-0 ní ìdajì àkọ́kọ́ kì í gbá bọ́ọ̀lù mọ́, bọ́tìnnì lásán ló ń tẹ̀. Góòlù márùn-ún tó tẹ̀ lé e ń sọ bí sùúrù D ṣe tó, kò sọ nǹkan kan nípa A. Bí D bá sì jẹ́ ọ̀rẹ́ A, ẹ ò ní mọ ibi tí àárẹ̀ parí sí àti ibi tí ojúṣàájú ti bẹ̀rẹ̀.

Àwọn kan á ní kí ẹ dé e lórí, kí ìyàtọ̀ má kọjá 5 nínú eré kan. Ó dára, ṣùgbọ́n nínú àpẹẹrẹ yìí A ṣì máa ní +4, ó ṣì máa wà lókè. Nítorí náà, èsì láàárín àwọn tó dọ́gba ni kó ṣáájú, bí UEFA, àjọ bọ́ọ̀lù Yúróòpù, ṣe ń ṣe é nínú ìdíje Euro. Ètò tí mo gbà yín níyànjú: póìntì láàárín àwọn tó dọ́gba, ìyàtọ̀ góòlù láàárín wọn, góòlù tí wọ́n jẹ láàárín wọn, ìyẹn bá tún dọ́gba, ìyàtọ̀ góòlù gbogbo eré, pẹ̀lú ìdérí 5, lẹ́yìn ìyẹn pẹnáritì. Kí ẹ sì kọ ọ́ sílẹ̀ kedere: tí ẹni mẹ́ta bá dọ́gba, tí ẹnì kan bá ti yọ kúrò, ṣé ẹ máa tún bẹ̀rẹ̀ láti òkè fún àwọn méjì tó kù, àbí ẹ máa tẹ̀ síwájú láti ibi tí ẹ dé? Èmi á ní kí ẹ tún bẹ̀rẹ̀. Èyíkéyìí tí ẹ bá yàn, kó wà lórí ìwé kí bọ́ọ̀lù tó yí, torí lẹ́yìn tí èsì bá ti jáde, gbogbo èèyàn ló máa mọ èyí tó ṣe òun láǹfààní.

Ẹ má lo káàdì. Ní 2018, Japan yege ju Senegal lọ torí káàdì yẹ́lò tiwọn kéré sí ti Senegal. Lórí pápá gidi ó ṣeé gbà. Nínú géèmù, rẹfirí inú ẹ̀rọ ló ń yọ káàdì, ó sì lè yọ ọ́ lórí ohun tí ẹni tó di páàdì mú ò mọ̀ọ́mọ̀ ṣe.

Atúnpáàdìṣe, Ìyàrà

Ẹ kú ọgbọ́n o, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n. Ẹ ti sọ̀rọ̀ póìntì dáadáa, ṣùgbọ́n póìntì tó dọ́gba lórí ẹ̀rọ tí kò dọ́gba, asán ni. Ẹ jẹ́ kí n mú un lọ́kọ̀ọ̀kan.

PS4 méjèèjì: ṣé wọ́n jọ gba àtúnṣe orúkọ àti agbára àwọn agbábọ́ọ̀lù lọ́jọ́ kan náà? Bí ọ̀kan bá ń rí íntánẹ́ẹ̀tì tí èkejì ò rí i, kìlọ́ọ̀bù kan náà lè lágbára lórí èyí ju ti ọ̀hún lọ, ẹni tí wọ́n tà lóṣù tó kọjá á ṣì wà níbẹ̀. Ẹ so méjèèjì mọ́ íntánẹ́ẹ̀tì lọ́jọ́ tó ṣáájú, ẹ jẹ́ kí wọ́n parí, kí ẹ wá gé e títí ìdíje fi parí.

Tẹlifíṣàn: ọ̀pọ̀ nínú wọn máa ń pẹ́ díẹ̀ kí ohun tí ọwọ́ tẹ̀ tó hàn lójú. Ẹ wọ sẹ́tínìsì, ẹ wá Game Mode, ẹ tan án lórí méjèèjì. Èyí tí kò bá ní in, ẹ pa gbogbo àwọn ohun tó ń mú àwòrán dán tàbí tó ń mú un rọra yí. Àwọn tó jókòó síwájú tẹlifíṣàn kan náà ń jẹ ìyà kan náà, kò sí ẹ̀sùn níbẹ̀. Ẹ̀sùn máa wà tí ẹnì kan bá gbá gbogbo tiẹ̀ lórí èyí tó yára, tí ẹlòmíràn nínú gúrúùpù kan náà gbá tiẹ̀ lórí èyí tó ń fà. Kí gúrúùpù kan wà lórí tẹlifíṣàn kan.

Páàdì: ẹ gbé e kalẹ̀ lórí tábìlì, ẹ wọ inú ìdánrawò, kí ẹnikẹ́ni má fọwọ́ kàn án. Bí agbábọ́ọ̀lù bá ń rìn fúnra rẹ̀, ọ̀pá páàdì yẹn ti ń fà, ẹ yọ ọ́ kúrò. Ẹni tó bá mú tiẹ̀ wá, kó gbà kí wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò bẹ́ẹ̀, kò sì gbọ́dọ̀ jẹ́ irú tó ń tẹ bọ́tìnnì léraléra fúnra rẹ̀.

Sẹ́tínìsì eré: ìdajì ìṣẹ́jú 6, yíyára Normal, ìpalára pa, ọ́fúsáìdì tàn, ìgbèjà Tactical fún àwọn méjèèjì. Ẹ ya fọ́tò ojú ìwé yẹn, ẹ lẹ̀ ẹ́ mọ́ ara tẹlifíṣàn. Ìgbèjà ni kí ẹ ṣọ́ jù: Legacy ń jẹ́ kí èèyàn di bọ́tìnnì kan mú kí agbábọ́ọ̀lù rẹ̀ máa lé bọ́ọ̀lù fúnra rẹ̀. Kì í ṣe eré kan náà mọ́ bí ọ̀kan bá wà lórí ẹ̀.

Ní ti póìntì 2 fún kìlọ́ọ̀bù kékeré, ẹ jọ̀ọ́ ẹ yọ ìyẹn náà. Ìràwọ̀ tí géèmù fi ń díwọ̀n agbára kìlọ́ọ̀bù kì í sọ òótọ́ tán. Ẹni tó mọ̀ ọ́n á wá kìlọ́ọ̀bù oníràwọ̀ mẹ́rin tó ní iwájú méjì tó ń sáré bí ẹfúùfù, á máa gbá bọ́ọ̀lù gígùn sí wọn, á sì gba póìntì ọ̀fẹ́ lórí ohun tí kì í ṣe ìnira fún un. Bí ẹ bá fẹ́ kó dọ́gba, ọ̀nà méjì ló wà. Kí gbogbo èèyàn lo kìlọ́ọ̀bù kan náà, ìyẹn ló tọ́ jù, àmọ́ ó máa tètè sú èèyàn. Tàbí kí ẹ kọ orúkọ kìlọ́ọ̀bù mẹ́jọ tí agbára wọn sún mọ́ra, kí wọ́n máa ṣà, ẹni tó bá kọ́kọ́ yàn nínú eré yìí ló máa yàn gbẹ̀yìn nínú èyí tó tẹ̀ lé e. Àwọn ẹ̀dà kan nínú géèmù yìí tún ní ètò tó ń sọ agbára gbogbo agbábọ́ọ̀lù di 85. Bí ẹ bá rí i nínú tiyín, ẹ lò ó, kò tún sí àríyànjiyàn.

Ọmọ Mọ̀pà

Àǹtí, ọ̀rọ̀ yín kan ò bá tèmi mu. Eré méjì tó kẹ́yìn nínú gúrúùpù gbọ́dọ̀ wáyé lẹ́ẹ̀kan náà. Ní Ife Àgbáyé 1982, Jámánì Ìwọ̀-Oòrùn àti Austria gbá eré tiwọn ní Gijón lẹ́yìn tí Algeria ti parí tiẹ̀. Wọ́n ti mọ̀ pé bí Jámánì bá fi góòlù kan tàbí méjì borí, àwọn méjèèjì máa yege. Jámánì jẹ ẹyọ kan ní kùtùkùtù, wọ́n wá ń gbá bọ́ọ̀lù síra wọn títí ó fi parí sí 1-0, Algeria lọ sílé. Láti 1986 ni wọ́n ti ń gbá ti ìkẹyìn pọ̀. Bí gúrúùpù kan bá wà lórí tẹlifíṣàn kan ṣoṣo, báwo la ṣe máa ṣe ìyẹn?

Atúnpáàdìṣe, Ìyàrà

Ẹ ṣé, ó yẹ kí n sọ ọ́. Eré mẹ́rin àkọ́kọ́ lórí tẹlifíṣàn tiwọn, méjì tó kẹ́yìn lórí méjèèjì, kí wọ́n ṣẹ́ kèké tàbí ju owó ẹyọ fún ẹni tó máa lọ sí ibi tí wọn ò mọ̀. Ẹ fún wọn ní ìṣẹ́jú 3 láti gbá bọ́ọ̀lù ìdánrawò níbẹ̀ kó lè mọ́ wọn lọ́wọ́.

Ṣọ́ọ̀bù Kàbà

Iná ọba ńkọ́? Ìyẹn ló ń bà wá lẹ́rù jù. Ó lè lọ lẹ́ẹ̀mẹta kí ìdajì kan tó parí.

Adájọ́ Ìsánlú

Kick Off, ìyẹn apá géèmù tí ẹni méjì ti ń bára wọn gbá, kì í fi eré pa mọ́ láàárín. Tí iná bá lọ, ó lọ nìyẹn. Ohun tó dára jù ni kí ẹ tan jẹnẹrétọ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ kí ẹ má sì padà sórí iná ọba rárá, torí ìyípadà gan-an ló ń pa ẹ̀rọ. Bí ẹ bá ní UPS (bátìrì tó ń gbé iná dúró díẹ̀) fún PS4 àti tẹlifíṣàn, ìṣẹ́jú díẹ̀ tó bá fún yín tó láti dá eré dúró kí ẹ sì tún jẹnẹrétọ̀ tan.

Òfin rẹ̀: kí rẹfirí kọ èsì àti ìṣẹ́jú sílẹ̀ lórí góòlù kọ̀ọ̀kan, àti ní gbogbo ìṣẹ́jú 15 ti aago inú géèmù. Tí iná bá lọ, góòlù tó ti wọlé dúró. Ẹ tún bẹ̀rẹ̀ eré tuntun, ẹ gbá ìṣẹ́jú tó kù nìkan, kí ẹ ro èsì méjèèjì pọ̀. Bí iná bá lọ ní 60 tí èsì jẹ́ 2-1, ẹ gbá a dé 30, kí rẹfirí dá a dúró nígbà tí bọ́ọ̀lù bá jáde lẹ́yìn ìyẹn. Ẹ má tún un gbá láti ìbẹ̀rẹ̀ pátápátá, torí ẹni tó ń pàdánù á máa gbàdúrà kí iná lọ, ẹlòmíràn á sì fi ẹsẹ̀ wá okùn iná lábẹ́ tábìlì.

Káàdì pupa ló ṣòro. Géèmù ò ní jẹ́ kí ẹ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú èèyàn mẹ́wàá. Kí ẹni tí wọ́n lé èèyàn rẹ̀ jáde fi gólì kejì rẹ̀ sí àyè ẹni náà. Kò dọ́gba pẹ̀lú èèyàn mẹ́wàá gan-an, ṣùgbọ́n ó sún mọ́ ọn.

Bí ẹnì kan bá sì fọwọ́ ara rẹ̀ pa ẹ̀rọ tàbí tó dìde kúrò, 3-0 ni, tàbí èsì tó wà nílẹ̀ bó bá le ju ìyẹn lọ. Ẹni tó bá dá eré dúró nígbà tí bọ́ọ̀lù wà lẹ́sẹ̀ ẹnì kejì: ẹ̀ẹ̀kíní ìkìlọ̀, ẹ̀ẹ̀kejì góòlù kan fún ẹnì kejì, ẹ̀ẹ̀kẹta wọkófà, ìyẹn ni pé ẹnì kejì ti borí.

Lígì Gbẹ̀dẹ̀

Òkun gbogbo ilé. Fún ẹ̀yin tí lígì yín ń lọ látòní dé ọdún tó ń bọ̀, tí ẹnikẹ́ni ń wọlé nígbà tó wù ú, tábìlì póìntì ò lè ṣe é. Ẹni tó gbá 40 á máa ju ẹni tó gbá 10 lọ torí pé ó ráyè. Ẹ lo Elo, ètò ìṣírò agbára kálukú tí FIDE, àjọ ṣẹ́ẹ̀sì àgbáyé, ń lò láti 1970. Kí gbogbo èèyàn bẹ̀rẹ̀ ní 1500. Bí ẹ bá jọ dọ́gba, ìrètí kálukú (èsì tí a retí pé kó ní nínú eré náà) jẹ́ 0.50. Bí o bá fi 100 ju ẹnì kejì lọ, ìrètí rẹ jẹ́ 0.64, 200, 0.76, 300, 0.85, 400, 0.91. Ẹ yọ ìrètí kúrò nínú èsì (ìborí 1, ọ̀mì 0.5, ìpàdánù 0), ẹ sọ ọ́ di ìlọ́po 20. Ẹni tó fi 200 ga jù tó sì borí gba 5 péré. Bó bá pàdánù, ó sọ 15 nù. Ọ̀mì gan-an á mú 5 lọ lọ́wọ́ rẹ̀.

Àbùkù rẹ̀ ni pé ẹni tó bá ti dókè kì í fẹ́ gbá mọ́. Ẹ sọ pé ẹni tí kò bá gbá eré 4 lóṣù, pẹ̀lú ó kéré tán èèyàn 3 ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, orúkọ rẹ̀ ò ní hàn lórí ìwé. Kí ẹ má sì ka iye góòlù, fún ìdí kan náà tí Adájọ́ ti sọ.

Ṣọ́ọ̀bù Kàbà

Ọlọ́run á san yín lóore. Ẹyọ kan ló kù: tó bá jẹ́ èèyàn 15 ló wá lọ́jọ́ náà ńkọ́?

Adájọ́ Ìsánlú

Gúrúùpù mẹ́ta ẹlẹ́ni mẹ́rin, ẹyọ kan ẹlẹ́ni mẹ́ta. Bí ẹ bá ń mú méjì àkọ́kọ́ nínú gúrúùpù kọ̀ọ̀kan, kò sí ìdí láti fi gúrúùpù kan wé èkejì, ẹ má sì mú "ẹni kẹta tó dára jù" wọ inú ẹ̀. Nínú ti ẹlẹ́ni mẹ́ta, ẹ ò lè gbá ti ìkẹyìn pọ̀ torí ẹnì kan gbọ́dọ̀ jókòó. Kí wọ́n ṣẹ́ kèké fún àwọn méjì tó máa bẹ̀rẹ̀. Ẹni tó bá pàdánù nínú wọn ló máa gbá èkejì pẹ̀lú ẹni tó jókòó, ẹni tó borí á wá gbá èyí tó kẹ́yìn. Bí èkíní bá jẹ́ ọ̀mì, ẹni tí kèké kọ́kọ́ mú orúkọ rẹ̀ ló máa gbá èkejì. Bí èèyàn kan bá sì pẹ́ dé, ìṣẹ́jú 15 lẹ́yìn àkókò rẹ̀, wọkófà 3-0. Tó bá kúrò pátápátá lẹ́yìn eré kan ṣoṣo, ẹ pa èsì yẹn rẹ́. Tó bá ti gbá méjì nínú gúrúùpù ẹlẹ́ni mẹ́rin, ẹ fi wọ́n sílẹ̀ kí ẹ kọ 3-0 fún ẹni kẹta tí kò tíì bá a pàdé.